Lẹ́tà Oníràwọ̀

Akunlé ni ọkọ mi, ohun funfun kì í sì í bá a lára mu. Ọjọ́ tó mọ̀ pé èèyàn lè fi àwòrán ṣe ímeèlì lọ́ṣọ̀ọ́ ni wàhálà wa bẹ̀rẹ̀. Páìpù omi wa bẹ́, òdòdó pupa ló fi kọ̀wé sí àwọn tó máa tún un ṣe. Ọkọ aládùúgbò wa kú, labalábá aláràbarà ló fi bá opó kẹ́dùn.

Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi kan ọmọbìnrin kan ṣoṣo tá a bí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ yìí, bàbá ẹ̀ pe ọkọ ẹ̀ ní ọ̀lẹ lójú gbogbo àna, ọmọ náà ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ní báyìí ó ti lóyún. Ọkọ mi, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé ẹ̀, wá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó yan ojú ọ̀run aláwọ̀ aró, ó da ìràwọ̀ sí i, ó wá fi àwọ̀ funfun kọ ẹ̀bẹ̀ sórí ẹ̀.

"Wá wò ó bó ṣe ń dán!"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ìràwọ̀ ná.

Ọmọ ò fèsì. Ọkọ mi kọ òmíràn, ó tún fi ìràwọ̀ kún un. Nígbà tó yá, ọmọ pè mí.

"Màmá, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n yéé fi ìwé òfìfo ránṣẹ́ sí mi. Tí wọn ò bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Mo ní kí ọkọ mi fi ọ̀kan ránṣẹ́ sórí fóònù tèmi. Ìràwọ̀ ò bá a wọlé, ojú ọ̀run ò bá a wọlé, funfun báláú ni mo rí. Mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, mo fa ìka wálẹ̀, ni ibi tí ìka mi gbà bá ṣú, ọ̀rọ̀ sì yọ: *Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.*

"Bàbá ọlọ́ṣọ̀ọ́! Funfun lórí funfun lẹ fi ń bẹ ọmọ yín!"

"Èmi akunlé," ló kàn ń sọ. "Èmi akunlé!"

Mo pe ọmọ, mo kọ́ ọ bó ṣe máa fi ìka fà á. Ó pa fóònù. Ọkọ mi gbé fóònù tiẹ̀ lé orúnkún, ó ń wò ó títí èsì fi dé.

"Òfìfo ni," ó ní. "Ó ti gbẹ̀san."

Omi bọ́ lójú ẹ̀, àánú ẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Mo mú ìka ẹ̀ tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́, mo fi í fa ojú fóònù láti òkè wálẹ̀.

*Bàbá, mo ti dárí jì yín. Ẹ wá kun yàrá ọmọ. Ọkọ mi ti ha gbogbo ògiri sílẹ̀ dè yín.*

Ó kà á, ó tún un kà. "Òun fúnra ẹ̀ ló ha á?"

"Ọ̀lẹ yẹn náà ni," mo dáhùn.

Ó nu ojú, ó wo òkè. "Ìràwọ̀ mélòó lo rò pé àjà yàrá náà máa gbà?"

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àna.