Ọkọ̀ Tí Ìyá Fadérera Yóò Wọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí lójú oorun kílẹ̀ òní tó mọ́. Mo lá àlá kan. Kì í ṣe àlá ẹ̀rù, ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀. Mùtíù, máa gẹ irun oníbàárà rẹ lọ, etí rẹ ni mo ń fẹ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, Fadérera ọmọ wa tó wà lókè òkun mú èmi àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, a lọ jayé lórí òkun. Mo ti sọ ọ́ fún yín títí ó fi sú yín. Ọkọ̀ náà tóbi ju ọjà Ẹ̀pẹ́ lọ. Ó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ nínú, ilé oúnjẹ sì wà lókè àti nísàlẹ̀, téèyàn bá jẹun tán níbí, á tún lọ jẹ lọ́hùn-ún. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé nígbà tá a délé, mo ní mo máa tún lọ, n óò sì fi owó ara mi lọ. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kò lè gbé irú ọkọ̀ yẹn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí agbára mi ká.

Ìyá Fadérera ní òun ò lọ mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa pàdé tí kò ní kí. Bó ṣe ṣe nínú ọkọ̀ yẹn náà nìyẹn. Ó kí ẹni tó ń sáré, ó kí ẹni tó ń jẹun, ó kí àwọn tó nà gbalaja lẹ́bàá omi bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó fi Yorùbá kí òmíràn, ó fi òyìnbó kí òmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní, “Bàbá Fadérera, ẹ máa lọ. Mi ò lè tún wà láàárín èrò kí n dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Kí ni mo fẹ́ lọ fi òkun ṣe lémi nìkan? Ohun tí mo gbé sọ́kàn sùn lánàá nìyẹn.

Mo bá ara mi ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yan ọkọ̀. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè ọ̀sà, kò kan omi, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi àgbọn kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo gun àkàbà, mo nu ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, nítorí ibi iṣẹ́ ni.

Ta ni mo bá lórí bẹ́ńṣì àwọn tó ń dúró? Ọkọ̀ ńlá wa ni! Òun gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìtóbi rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Mi ò bi í bó ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹ káàsán o,” mo ní.

Kò dáhùn. Ògiri ló ń wò.

“Mo ní ẹ káàsán.”

Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé èmi lẹ ń bá wí? Ojú ò tì yín, Bàbá Fadérera. Ẹ jẹ ẹran mi, ẹ jẹ ẹja mi, ẹ wá ń wá ọkọ̀ mìíràn kiri.”

“Ẹ má bínú. Apá mi ni ò ká yín.”

“Ìyàwó yín ńkọ́?”

“Ó ní òun kí yín, ẹ ò dá òun lóhùn.”

Ni ọkọ̀ ńlá bá bú sẹ́kún. “Ariwo tó wà nínú mi ti pọ̀ jù,” ó ní. “Mi ò gbọ́ ni. Ṣé lóòótọ́ lẹnì kan kí mi? Kò sẹ́ni tó kí mi rí látìgbà tí wọ́n ti kàn mí.” Omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tú jáde, ó ń ṣàn gba abẹ́ tábìlì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fún un ní aṣọ ìnujú mi, ó fi nu fèrèsé kan, ó dá a padà fún mi.

Ìgbà yẹn ni akọ̀wé tó ń yan ọkọ̀ fún èèyàn pè mí. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ kóòtù, tó so táì aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn.

“Irú ọkọ̀ wo ni Bàbá ń fẹ́?”

“Èyí tí agbára mi ká, tí ìyàwó mi á sì gbà láti wọ̀.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ti àkọ́kọ́ yẹn ò le.” Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì jáde, tèmi àti ti ìyàwó mi. Ó gbé tèmi fún mi, ó gé etí tìyàwó mi jẹ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń lu òǹtẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ó tún gé e jẹ. Ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ hù, kí n tó ṣẹ́jú ó ti di òbúkọ. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ṣá, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

“Tí mo bá jẹ tíkẹ́ẹ̀tì yìí tán,” òbúkọ ní, “ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ti parí nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ. Òfin ibi iṣẹ́ wa ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè máa rọra jẹ ẹ́?”

“Mo ti ń rọra o,” ó dáhùn. Mo rí i pé èèyàn dáadáa ni.

A gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Kò sí ọ̀sà mọ́, oko iṣu la bọ́ sí, àwọn ọkọ̀ ni wọ́n sì gbìn sínú ebè. Òbúkọ fi ìwo tú ebè àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan yọrí jáde, tòun ti erùpẹ̀ lára.

“Èyí ò wọ́n,” ó ní, “torí pé yàrá inú rẹ̀ ò ní fèrèsé.”

Mo wọ yàrá náà. Lóòótọ́, ògiri ló yí mi ká. Mo bi í pé báwo lèèyàn á ṣe rí òkun. Ó ní òkun fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá èrò ní yàrá. Kò pẹ́, a gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òkun ni. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo tìmùtìmù rin gbingbin. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní yàrá tóun ṣì máa dé pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo yọjú síta, Ìyá Fadérera ló dúró létí oko yẹn, ó gbé báàgì rẹ̀ dání. Mo ké sí i pé kó máa bọ̀.

“Òkun tó jáde yẹn,” ó ní, “ṣé ó kí yín?”

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní aago ló ń wò. Ó mi orí. Òbúkọ gé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ díẹ̀ sí i.

Ọkọ̀ inú ebè kejì ò ní ẹ́ńjìnnì, ìdí tí kò fi wọ́n nìyẹn. Kì í lọ síbì kankan, àwọn ìlú ló ń wá kọjá níwájú rẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo ń wò wọ́n. Kútọnu ló kọ́kọ́ kọjá, ó gbé àpótí rù, ó ń sáré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú òyìnbó kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí òun nìkan. Mo juwọ́ sí wọn títí apá fi ń ro mí. Kò sí èyí tó juwọ́ padà.

“Mo ti rí i,” Ìyá Fadérera sọ kí n tó pè é. Ohùn rẹ̀ ti jìnnà. Etí oko ń fà sẹ́yìn, òun náà ń bá a lọ, báàgì ọwọ́ rẹ̀ sì ti kéré bíi kóró iṣin. Nínú gbogbo àlá yìí, ibẹ̀ nìkan lẹ̀rù ti bà mí. Mo wo ẹnu òbúkọ, tíkẹ́ẹ̀tì tó kù níbẹ̀ ò ju èékánná lọ.

“Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran,” mo ní, “ṣé ẹ̀yin náà níyàwó?”

Ó dá ẹnu dúró. “Mo ní. Àmọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti ń jẹ ìwé.” Ó wá ti ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò gbé e mì. “Ọkọ̀ kan wà tá a kì í fi han èèyàn,” ó ní. “Kò lẹ́wà ni.”

Ó fi pátákò wa ebè tó kéré jù. Ọkọ̀ pákó kan jáde, kò gùn ju pálọ̀ ilé mi lọ, omi tẹ̀ lé e jáde látinú ilẹ̀, ni ọ̀sà bá tún dé. Èrò ti jókòó sínú rẹ̀: bàbá arúgbó kan, obìnrin kan tó ń bó ọsàn, ọkùnrin kan tó gbé rédíò sétí, àti ọkọ̀ ńlá wa, tó fún ara rẹ̀ pọ̀ sí kọ̀rọ̀, tójú rẹ̀ ṣì pọ́n. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn. Àyè ẹnì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mi ò pe Ìyá Fadérera lọ́tẹ̀ yìí. Òun ló rìn wá fúnra rẹ̀, ó dúró lórí pákó èbúté, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o.”

Ẹ wá gbọ́ ariwo! “Ẹ káàbọ̀, Màmá!” “Ẹ kú ìrìn o!” “Àwọn ọmọ ńkọ́?” Obìnrin ọlọ́sàn ń bi í pé kí ló dá a dúró látàárọ̀. Bàbá arúgbó béèrè àlàáfíà orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin onírédíò pa rédíò kó lè ráyè kí i, rédíò tó ti pa náà sì ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ńlá wa dìde, ó fẹ́ fọn fèrè, ó rántí pé inú ọkọ̀ kékeré lòun wà, ó rọra ní, “Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú sí mi.”

“Kò burú, ọmọ mi,” ìyàwó mi ní, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Awakọ̀ ò tíì tu ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ òun kì í kúrò lébùúté títí ìkíni á fi parí. Ìyàwó mi ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, èmi nìkan ló kù. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, sà.”

“Ẹ káàbọ̀, mà,” mo ní. “Àyè wà níbí o.”

Ó wo àyè náà. Ó yọ gèlè kan nínú báàgì, ó fi nu orí bẹ́ńṣì. Ó yí ẹ̀yìn padà bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Òbúkọ ń wò wá láti èbúté, kò jẹnu. Kó tó jókòó, mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́, ẹ̀yin èèyàn, àfi bíi pé ọkọ̀ náà ti lọ. Mi ò bọ́jú, mo jáde síwájú ilé. Ibẹ̀ ni mo bá a lórí bẹ́ńṣì wa, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú tíréè, ó ń kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń dá a lóhùn.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” mo ní. Ẹnu àlá ni mo fi sọ ọ́.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá gbé tíréè ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lé itan, àyè ṣí sílẹ̀. Mo jókòó.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó wá bi mí. “Ọkọ̀ kékeré tẹ́ ẹ ń wá yẹn, èèyàn mélòó ló ń gbà?”

“Mi ò tíì rí i,” mo ní. “Ṣùgbọ́n mi ò ní mú èyí tó o ò ní lè kí gbogbo èrò inú rẹ̀ tán.”

Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú sí gbàgede. Ó ti tíréè náà sún mọ́ mi.

“Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yìí ná,” ó ní. “Tá a bá jẹun tán, ẹ jẹ́ ká jọ wá a.”