Bí Wọ́n Ṣe Gba Ipò Lọ́wọ́ Prof Ọláníyọnu

Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ni Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ọ̀gá òun. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Árárátì jókòó yí tábìlì ká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: ọ̀gá àgbà lórí àga tirẹ̀, Mosúnmọ́lá igbákejì rẹ̀ lápá ọ̀tún, Fọláhàn tó jẹ́ rẹ́jísírà lápá òsì, àwọn olórí ẹ̀ka sì tò lọ sísàlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Ọláníyọnu, ọ̀gá àgbà tí gbogbo wọn ń pè ní Prof, gbàdúrà tán, ó gbójú sókè, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Adéfọlá ńkọ́?" ni ó béèrè. "A ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i."

Adéfọlá ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó wà láyé. Ó ti kú láti ọdún tó kọjá. Prof fúnra rẹ̀ ló wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀, òun náà ló di ìyàwó olóògbé mú kó má baà ṣubú lẹ́bàá sàréè.

Fọláhàn ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Wọn ò tíì dé, sà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ nígbà náà. Ẹ ó ṣàlàyé fún un tó bá dé."

Ìpàdé ń lọ, ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n túká, ó bá Fọláhàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Aunty, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Fọláhàn rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kí n sọ fún Daddy níwájú gbogbo èèyàn pé òkú ni wọ́n ń pè?"

Mosúnmọ́lá yí padà, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí Prof jẹ́ fún obìnrin yìí. Nígbà tí Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ dé Atlanta, ó ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bojú wo oyè náà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gba night shift, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Stone Mountain, Prof bi í pé iṣẹ́ wo ló kọ́. Ó sọ ọ́. Prof ní, "Máa bọ̀ lọ́la." Nígbà yẹn, gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé e débi tó dé, títí tó fi kó lọ sínú ilé ìtajà ńlá kan tí àwọn oníṣòwò ti kó kúrò níbẹ̀, tí ẹ̀ka àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti Loganville títí dé Stockbridge.

Nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe rí yẹn, ó mọ irú ojú tí Prof fi wo tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti rí i lójú àwọn arúgbó tó máa ń wẹ̀ fún. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ àìsàn ìgbàgbé náà ni.

Ní Sátidé, ó wakọ̀ lọ sí ilé Prof ní Loganville. Fúnkẹ́, ìyàwó Prof, wà ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mosúnmọ́lá ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Fúnkẹ́ fi dá a dúró.

"Mo mọ̀, Mosún. Dókítà ti sọ fún wa kí ọdún Thanksgiving inú oṣù kọkànlá tó dé. Ó ní ọpọlọ wọn ń kú díẹ̀díẹ̀."

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Wọ́n ní irọ́ ni dókítà ń pa. Wọ́n ní àwọn ò ní í lọ síbẹ̀ mọ́." Fúnkẹ́ da ìyàngbò inú ẹ̀wà nù. "Mo ti tọ́jú ọkọ ẹlòmíì tó ní àrùn yìí. Mo máa ń jókòó ti àwọn ìyàwó wọn, màá máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ nígbà náà."

Ó wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó di oṣù karùn-ún, kí Prof fún àwọn ọmọ tó ń jáde ní ìwé ẹ̀rí wọn, lẹ́yìn náà òun yóò mú un fẹ̀yìntì ní wọ́ọ́rọ́wọ́. "Má jẹ́ kí àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín níbi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́."

Láti pálọ̀ ni Prof ti ké sí i. "Mosún, ṣé o ti jẹun? Mọ́tọ́lá ńkọ́, ṣé ó ti yege ìdánwò rẹ̀?" Mọ́tọ́lá ni ọmọ Mosúnmọ́lá, ó sì ti yege lóòótọ́. Prof rántí ọjọ́ ìdánwò náà gan-an. Inú Mosúnmọ́lá dùn débi tó fi rò pé bóyá gbogbo rẹ̀ á dín kù. Ó gbà fún Fúnkẹ́.

Láti ọjọ́ náà, òun àti Fọláhàn di ẹni tó ń bo àgbà láṣìírí. Bí Prof bá fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn á jókòó tì í. Bó bá pe orúkọ tí kì í ṣe ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ bo ẹ̀fúùfù. Nínú oṣù kẹta, olùkọ́ méjì wọ ọ́fíìsì Mosúnmọ́lá láàárọ̀ kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé Prof ti fi òun ṣe olórí ẹ̀ka àwọn nọ́ọ̀sì. Òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ó kó wọn lọ bá Prof kí wọ́n jọ yanjú rẹ̀. Prof wo àwọn olùkọ́ náà, ó wo Mosúnmọ́lá, ojú rẹ̀ le.

"Ìwọ lo rán wọn," ni ó wí. "Mo ti ń wò ọ́ bọ̀. Àga yìí ló ń wù ọ́."

"Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà..."

"Jáde."

Ó jáde. Ó wọ ilé ìyàgbẹ́, ó sunkún níbẹ̀, ó fọ ojú rẹ̀, ó padà lọ bẹ àwọn olùkọ́ méjì náà pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Prof ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Mosúnmọ́lá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ jẹun. Kò rántí nǹkan kan. Mosúnmọ́lá ní tirẹ̀ kò lè gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ náà ló dé etí Nathaniel. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni Nathaniel, òun ni alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀rẹ́ Prof láti ìgbà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù, ó bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kó sọ òótọ́ fún òun, ṣé ara ọ̀gá wọn yá. Òótọ́ náà dé ẹnu Mosúnmọ́lá. Ó rántí Fúnkẹ́ nídìí ẹ̀wà.

Ó ní, "Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni."

Nathaniel ní ó dáa.

Ọjọ́ graduation pé. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ni wọ́n yá, ó sì kún dẹ́múdẹ́mú. Prof wọ ẹ̀wù oyè rẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Ó ka ọ̀rọ̀ ìkíni tí Mosúnmọ́lá tẹ̀ sílẹ̀ fún un ní lẹ́tà gàdàgbà, ó kà á dáadáa. Fúnkẹ́ tó jókòó níwájú ti ń mí kanlẹ̀. Ó wá kan orúkọ àwọn tó ń jáde. Prof wo àwọn ọmọ tó tò sílẹ̀ nínú ẹ̀wù dúdú, ó gbé ìwé orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀. Ilé-ìwé ti parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọdá odò, ẹ má dá lọ o. Òjò ti rọ̀ lókè, odò ti kún. Ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú, kí àwọn àgbà inú yín mú àwọn kékeré dání. Táwọn òbí yín bá bi yín, ẹ ní ọ̀gá ló ní kẹ́ ẹ dúró títí omi á fi fà."

Ilé-ìwé tó ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ní ẹ̀bá ìlú Ìlá, ló padà sí nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà rò pé àdúrà ni. Obìnrin kan gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe àmín. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń wo ara wọn, wọ́n ń wolẹ̀.

Mosúnmọ́lá dìde, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Prof, ẹ jẹ́ kí n bá yín ka orúkọ wọn, sà."

Prof yíjú sí i. Kò mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ. "Jókòó, ọmọ mi. Á kàn ọ́."

Ó sì jókòó. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wò ó, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Fọláhàn ló gba ẹ̀yìn wá, tó ka orúkọ náà tán, nígbà tí Prof dúró tì í, tó ń bọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, tó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra lọ. Nígbà tó parí, Tiwa, ọ̀kan nínú àwọn tó jáde, tí wọ́n bí sí Stone Mountain, bá Mosúnmọ́lá ní ẹnu ọ̀nà. "Aunty, odò wo ni Prof ń sọ?" Ohùn Yorùbá rẹ̀ ò dúró síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ dáadáa.

"Odò ìlú wọn ni," ni Mosúnmọ́lá wí.

Ìgbìmọ̀ ò fi falẹ̀. Wọ́n fún Prof ní ìfẹ̀yìntì àti orúkọ oyè ńlá kan láti máa jẹ́. Nathaniel sunkún nígbà tó ń ka ìpinnu náà. Ó wá bi Mosúnmọ́lá níwájú gbogbo wọn pé kí ló dé tó fi purọ́ fún òun, kò sì dúró gbọ́ èsì. Síbẹ̀, Mosúnmọ́lá náà ni wọ́n ní kó di ipò náà mú. Ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n ní tí kò bá gbà, àwọn máa mú ẹni tí kò mọ ìdí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wá láti ìta. Ó gbà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Prof ò ní rántí pé òun ti fẹ̀yìntì. Ọjọ́ Ajé ń pé, ó ń dé. Fúnkẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́. Prof fi fóònù pe takisí Uber. Á wọ súùtù, á gbé báàgì rẹ̀, á wọlé, á jókòó sórí àga rẹ̀, á gbàdúrà. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà á bá a jókòó, wọ́n á jẹ́ kó ṣe ìpàdé tán, wọ́n á sì tún lọ ṣe òmíràn lẹ́yìn tó bá lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí lọ́yà ìgbìmọ̀ tó gbọ́. Ó ní Prof ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, pé tó bá pàṣẹ kan tí ẹnìkan sì tẹ̀ lé e, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè dáhùn fún un ní kóòtù. Ó ní kí Mosúnmọ́lá fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àṣẹ. Mosúnmọ́lá bẹ lọ́yà, ó bẹ Nathaniel. Wọn ò yí ọkàn padà. Ó fún ẹ̀ṣọ́ ní àṣẹ.

Nígbà tí Prof dé lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, láti ojú fèrèsé ni Mosúnmọ́lá ti rí i tó ń bá ẹ̀ṣọ́ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fara pamọ́, ojú tì í, ó bá sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn mú ní parking lot náà. Prof ń làágùn nínú súùtù rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

"Mosún, ọkùnrin yìí ní mi ò lè wọlé. Ṣé wọ́n ti lé mi ni?"

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa sinmi, sà."

"Mo ní, ṣé wọ́n ti lé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Prof gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Wọn kì í lé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Kò pariwo. "Ìwọ tó o jẹ́ igbákejì mi, nígbà tí wọ́n ń lé mi, kí lo sọ fún wọn?"

Mosúnmọ́lá ti purọ́ fún àwọn aláṣẹ nítorí Prof, ó ti sọ òótọ́ fún Prof nítorí àwọn aláṣẹ, kò sì sí èyí tó ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní nínú méjèèjì. Ó gbé báàgì náà nílẹ̀, ó pe Fúnkẹ́ lórí fóònù, wọ́n jọ lọ dúró sábẹ́ igi títí Fúnkẹ́ fi dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Fúnkẹ́ ò bá a wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "O ṣeun, Mosún," wọ́n sì lọ.

Kí oṣù náà tó tán, Prof àti Fúnkẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, Hephzibah, ní Stockbridge. Fọláhàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí yunifásítì mìíràn. Mosúnmọ́lá máa ń lọ wò wọ́n. Nígbà míì Prof á mọ̀ ọ́n, nígbà míì á rò pé aláìsàn kan tó wá rí dókítà ni, á ní kó jókòó, kó fara balẹ̀, dókítà ń bọ̀. Tí Mosúnmọ́lá bá ti kúrò níbẹ̀, ó máa ń jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó lè wakọ̀.