Ìgò Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Ṣí

Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ láti Alakia dé Akanran, ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn wáìnì dénú. Ẹni náà ni ọ̀gá mi, Àbáyọ̀mí. Àwa yòókù, owó tí wáìnì ń mú wá la fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí pé mo ń pè é ní “ó” bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ẹgbẹ́ ni wá, kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí nílé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi. Lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni “ẹ” ti ń jáde lẹ́nu mi, nítorí owó oṣù.

Ilẹ̀ Sípéènì ló ti ń kó wáìnì wọlé. Orúkọ wáìnì náà gùn, ẹni tó bá fẹ́ pè é tán á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n jẹ, nítorí náà wáìnì lásán ni màá máa pè é. Bí Àbáyọ̀mí bá fẹ́ mu ún, ẹ óò rò pé ọmọ tuntun ló gbé dání. Á yí gíláàsì bìrí, á ti imú bọ inú rẹ̀, á dijú. Á ní òun ń gbóòórùn igi, òun ń gbóòórùn èso, òun ń gbóòórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èmi náà ti imú bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ọtí ni mo gbóòórùn, ṣùgbọ́n n ò sọ.

Kí ìlú tó le, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Bódìjà ló ń ra ọjà wa. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí dọ́là náà sì sá gun òkè, hòtẹ́ẹ̀lì pa wáìnì tì, wọ́n ń bu sóbò sínú gíláàsì elẹ́sẹ̀ gígùn fún àwọn oníbàárà wọn. Páálí wáìnì kún sítọ́ọ̀ wa ní Alakia dé àjà. Ibẹ̀ la wà tí lẹ́tà dé láti Sípéènì: ẹni tó ni wáìnì ń bọ̀ wá wo ọjà fúnra rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Bí kò bá rí i pé àwọn èèyàn ń rà á, á gbà á kúrò lọ́wọ́ Àbáyọ̀mí, á gbé e fún ẹlòmíràn. Àbáyọ̀mí ka lẹ́tà náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń ta wáìnì yìí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò ní purọ́.

Ó ní ìgboro ti gbẹ, oko ló kù. Ó ní gaàrí ti wọ́n, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ Ọ̀nà-Àrà ti di olówó. Ẹni tí kò yan gaàrí rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ni a bá gbé tábìlì, aṣọ funfun, gíláàsì méjìlá àti bókẹ́ẹ̀tì kan lọ sí Akanran lọ́jọ́ ọjà. Bókẹ́ẹ̀tì yẹn, torí ká lè máa tu wáìnì sínú rẹ̀ la ṣe gbé e dání, nítorí Àbáyọ̀mí ní ẹni tó mọ wáìnì tọ́ wò kì í gbé e mì.

Bàbá Josiah, tó ti ṣe akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà fún ọgbọ̀n ọdún, fara balẹ̀ wo Àbáyọ̀mí bó ṣe fi wáìnì ṣan ẹnu tó sì tu ú dànù. Wọ́n bèèrè bóyá májèlé ló wà níbẹ̀. Àbáyọ̀mí ní rárá, ohun olówó iyebíye ni. Bàbá ní bí ẹni tó ń tà á kò bá lè gbé e mì, ta ló wá fẹ́ kó gbé e mì? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì túká. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn, ó ní ká jọ̀ọ́ ká fún òun ní ohun tó wà nínú bókẹ́ẹ̀tì fún ẹlẹ́dẹ̀ òun. Ìyẹn nìkan ló kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni mo sọ tèmi. Ọmọ Akanran ni mí, ìyá mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká yé tà á bí ohun mímu, ẹ jẹ́ ká máa tà á bí ẹ̀bùn. Ará ilé wa kì í lọ kí àna rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kì í sì í lọ bẹ ẹni tó ga jù ú lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n iṣu tí à ń gbé lọ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí èèyàn ń tì mọ́lé fún àwọn ọmọ rẹ̀, adìyẹ náà ti kọjá agbára. Kí ló kù tó máa kún ojú tí kò ní gbọ́n àpò gbẹ? Mo ní ká wá páálí aláwọ̀ wúrà fún ìgò náà, ká so okùn pupa mọ́ ọn.

Àbáyọ̀mí wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. Ó ní wáìnì lòun ń tà, òun kì í ṣe oníṣòwò páálí. Nígbà tó tún ka lẹ́tà Sípéènì lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n lọ wá ẹni tó lè ṣe é.

Gbọ́njúbọ́lá ni mo wá kàn. Ní Ẹgbẹ́dá ló ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Obìnrin náà kò fi ẹnu kan ọtí rí, ó ní òórùn rẹ̀ nìkan ń fọ́ òun lórí. Àbáyọ̀mí kọ ìtàn gígùn nípa òkè tí wọ́n ti ń gbin èso tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì náà, ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sára páálí. Gbọ́njúbọ́lá kà á tán, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì kọ “Pẹ̀lú Ọ̀wọ̀ Ńlá” síwájú páálí. Ó fi aṣọ dídán tẹ́ inú rẹ̀. Nísàlẹ̀ páálí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ẹ wá wo ọjà. Fẹ́mi, tíṣà kan ní Akanran, gbé ọ̀kan lọ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Ìjàyè. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ gbé ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ kí káńsẹ́lọ̀ mọ òun gbé méjì. Àwọn ará Lálúpọn gun ọ̀kadà wá bá wa ní Alakia. Láàárín oṣù méjì, sítọ́ọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, a sì tún ní kí wọ́n kó òmíràn wá. Àbáyọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà rìn. Ó kọ̀wé sí Sípéènì pé òun ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní wáìnì, pé wọ́n ti ń fi lé iyán sísàlẹ̀ báyìí. Mo bá a ka lẹ́tà náà kó tó fi ránṣẹ́, mo sì bá a lẹ̀ ẹ́ pa.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta tí a ti ń tà á bẹ́ẹ̀, ọjà dá gọ́ọ́. Kò sẹ́ni tó tún padà wá rà. Àbáyọ̀mí ní kí n lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì lọ bá Fẹ́mi. Páálí tí Fẹ́mi rà ya díẹ̀ létí, òun gan-an ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò ṣòro láti tọpa rẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti gbé e fún pásítọ̀. Pásítọ̀ gbé e fún ọ̀gá ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon. Sharon gbé e fún Alhaji Sàníù tó ta ilẹ̀ fún un. Alhaji kò jẹ́ mu ọtí, ṣùgbọ́n wọn kò da ẹ̀bùn nù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gbé e fún dókítà ẹran tó ń wo màlúù wọn. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, nítorí ìyá mi ló bá a wá ilé tó ń gbé. Ìgò kan ti bá ilé mẹ́fà tọrọ ojúrere, òǹtẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já.

Mo bèèrè lọ́wọ́ Sharon pé kí ló dé tí kò mu ún. Ó ní tí òun bá mu ún, kí lòun yóò gbé dání nígbà tí òun bá ń lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀? Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Àbáyọ̀mí rò pé òun ń ta wáìnì fún àwọn tó ń mu ún. Owó tuntun ló tẹ̀ fún àwọn tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn, ta ló sì ń mu owó?

Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó jókòó sórí páálí kan. Oṣù Kọkànlá ti wọlé. Ó ní ká sá wá ilé kan, ilé kan péré, tí wọ́n máa ti ṣí ìgò kan mu lójú òyìnbó tó ni wáìnì. Mo lọ bẹ Màámi. Wọn kò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní dókítà ojú làwọn ń tọ́jú ìgò yẹn dè. Mo ní bí òyìnbó bá bínú, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí á máa bọ̀.

Òyìnbó bọ́ sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Alakia, àgbàlagbà tín-ínrín kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Ní Akanran, ilé mẹ́rin la kọ́kọ́ mú un wọ̀. Bó ṣe ń wọlé ló ń rí páálí wúrà lórí tẹlifíṣọ̀n, inú rẹ̀ dùn, ó ń ya fọ́tò. Àbáyọ̀mí sáré mú un jáde kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kan páálí. A dé ọ̀dọ̀ Màámi. Wọ́n ti dín iṣu àti ẹja sórí tábìlì, ìgò wà láàárín nínú páálí rẹ̀. Àbáyọ̀mí yọ irin ìṣígò lápò.

Màámi gbọ́wọ́ lé páálí náà. Wọ́n wo òyìnbó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí, wọ́n sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Sanmí, bá mi sọ fún bàbá yìí,” wọ́n ní. “Ẹni tó ti òkè òkun wá kò lè ti ilé mi lọ lọ́wọ́ òfo.”

Àbáyọ̀mí wò mí. N ò tíì rí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọkùnrin rí. Mo lè parọ́, èmi ni mo ń túmọ̀, òyìnbó kò sì gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, n kò lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Òyìnbó gba páálí, ó yẹ òǹtẹ̀ ẹnu ìgò wò, ó sì ní kí n bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ń mu ún.

Màámi ní, “Kí ni wọ́n máa mu ún fún? Wọ́n á kàn bà á jẹ́ ni.”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Òyìnbó kò bínú. Ó yí páálí náà padà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ó sì bèèrè ta ló ń jẹ́ Gbọ́njúbọ́lá.

Ọwọ́ Gbọ́njúbọ́lá ni wáìnì náà wà báyìí, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí òyìnbó máa kó èyí tí owó rẹ̀ kéré jù wá, nítorí òórùn kì í jáde láti inú páálí. Àwọn kan ní omi ṣúgà aláró ni. N ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ọjà ń lọ dáadáa, torí pé ní oṣù Kìn-ín-ní ó yí páálí sí àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá gbé ti wúrà lọ sílé àna báyìí, wọ́n á mọ̀ pé àlòkù ni, ìtìjú sì le ju ebi lọ lọ́dọ̀ wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí Àbáyọ̀mí nílé. N kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, mo gbé páálí àlùkò kan dání. Ó ti rù. Sítọ́ọ̀ ti bọ́, ọkọ̀ ti lọ, ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹ̀wà dídín níwájú ilé. Ó gba páálí, ó ṣí i, ó fi àtàǹpàkò nu ọrùn ìgò náà. Mo rò pé á pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé gíláàsì wá. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ bó bá tọ́ ọ wò.

Ó dá ìgò padà sínú páálí.

“O ṣeun, Sanmí,” ó ní. “Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bódìjà ń wá ẹni tó máa ṣọ́ sítọ́ọ̀ wọn. Mo ti ń rò ó pé kí ni màá gbé dání lọ bá máníjà.”

Okùn páálí náà ti tú. Mo bá a so ó.