Wáyà Tí Bàbà Bò

Kànga tí Jẹ́láàní ń gbẹ́ lọ́nà Banigbé ti jìn débi pé ojú kò rí ìsàlẹ̀ mọ́. Orí pákó ló máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí okùn ti so mọ́ pákó náà ti gbó, ló bá gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnrìndé, ọmọ ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá irin kan fi kọ́ ọ. Okùn yìí ti ń ṣẹ́jú sí mi."

"Ìwọ tó o ń kírun, tó o ní o kò bẹ̀rù ikú?"

"N ò bẹ̀rù ikú. Ìsàlẹ̀ kànga ni mo bẹ̀rù."

Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà kan tó rà ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń na wáyà iná láti ìgbà tí Dàhòmè ti gba òmìnira. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí bàbà, inú rẹ̀ funfun bí ìkòkò alumíní, àwọn méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra bí ẹran ẹyìn ṣe lẹ̀ mọ́ èkùrọ́.

Ó fà á gba inú irin oníhò kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Bó ti ń fà á ló ń le sí i, tí kò fẹ́ ká mọ́. Bàbá wọn ti kọ́ ọ pé bàbà tí a bá fà le, inú iná ló ti ń rọ̀: kí ó pọ́n bí ẹyìn kí a tó yọ ọ́. Ó tì í sí àárín iná, ó fín ẹwìrì. Ègé wáyà kan yọ̀ bọ́ sínú eérú létí ààrò, kò kà á sí. Ẹ̀kán funfun kan yọ lórí wáyà bí òógùn. Ó nù ún nù. Ó ká wáyà náà ní gbígbóná, ó sọ ọ́ di òrùka ńlá, ó sì fi kọ́ pákó mọ́ okùn nígbà tó tutù.

Ní òwúrọ̀, àwọn tó di okùn mú kàn rí i pé ó fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òrùka ti já. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin Jẹ́láàní.

Gbogbo ìlú Ifangni ń ṣépè fún ẹni tó ta wáyà. Ó wu Ògúnrìndé kí òun náà máa bá wọn ṣépè. Ó mú wáyà tí kò rí iná rárá, ó tẹ̀ ẹ́: ó le, ṣùgbọ́n kò dá. Ó mú ìyókù èyí tó wà láàárín iná, ó dá pẹ́kẹ́ bí igi gbígbẹ. Níbi tí pupa àti funfun ti pàdé, iná ti bí nǹkan kẹta, aláwọ̀ eérú, tó gbẹ bí àpáàdì. Ó wá mú ègé inú eérú. Ó rọ̀ bí ìko. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó mú un lọ bá Sàdíátù, ìyàwó Jẹ́láàní, níbi tó jókòó sí lórí ẹní opó.

"Bàbá, wọ́n ní ayédèrú wáyà ni."

Ògúnrìndé gbé wáyà náà lé e lọ́wọ́. Sàdíátù tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá.

"Èyí kọ́ ló já."

"Òun náà ni. Inú eérú lèyí wà. Ti ọkọ rẹ, àárín iná ni mo fi í sí."

Sàdíátù dá wáyà padà fún un, ó sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tí Ògúnrìndé padà dé àgbẹ̀dẹ, iná ti kú. Ó jókòó ti ẹwìrì, kò fọwọ́ kàn án.