Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Ẹni Iwájú

Bí ẹ bá ń wá olóríkunkun ènìyàn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan báyìí, kí ẹ béèrè Kékeré. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti gba òṣìṣẹ́, síbẹ̀ Kékeré náà ni wọ́n ń pè é nílé.

Ohun tí Kékeré gbé sọ́kàn lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe aṣọ oníbàárà. Ejò ni. Ejò náà kò sí níbì kankan àfi nínú kọ̀ǹpútà, nínú géèmù kan tí ènìyàn mẹ́rin lè jọ ṣe láti ilé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹ ó kó ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní akọni tirẹ̀, ẹ ó sì máa la igbó àti ihò àpáta kọjá títí ẹ ó fi dé ẹnubodè ìlú ìkẹyìn. Ejò olórí mẹ́ta ló ń ṣọ́ ẹnubodè yẹn, ó sì ti na Kékeré àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìnà àgbọ́sá léraléra.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá wọn wà láyé, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń pàdé ní yàrá rẹ̀, tí wọ́n á jẹun, tí wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìyá kú, yàrá di ti ẹlòmíràn, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí wọn, ọ̀gá bíríkìlà ni, kò sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ lórí fóònù. Bí o bá pè é, á ní "Ó dáa," ó ti gé e nìyẹn. Àwọn ìbejì ló tẹ̀lé e, Tíṣà tó jẹ́ ọkùnrin àti Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ obìnrin, tí wọn kò tíì yanjú ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín ara wọn títí dòní. Tíṣà ló mú géèmù yìí wá. Bí eré bí eré, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tún padà di tiwọn. Inú géèmù yìí ni Kékeré ti tún gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn ju géèmù lọ.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ lọ́jọ́ tí ejò tún nà wọ́n pé òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ba Kékeré gidigidi. Ó mọ̀ pé bí àkọ́bí bá fi lè kúrò níbẹ̀, àwọn ìbejì kò ní pẹ́ tẹ̀lé e, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì di ẹni tí ń ríra níbi òkú nìkan. Kò gbọ́, kò gbà. Ó bẹ Ẹ̀gbọ́n títí, kò rí i bẹ̀, ló bá kúkú pinnu pé ejò náà ni òun máa kojú.

Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí. Jagunjagun ti pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ló ń gbé idà ńlá níwájú, àwọn ìbejì mú ọ̀kọ̀ tẹ̀lé e, Kékeré nìkan ni apọfọ̀, ẹni tí ń fi ẹnu jà. Ìpẹ́ ejò yìí sì le bí irin, idà kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan ló kù, kí gbogbo wọn pátá di apọfọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mú irin dání. Bó ṣe ń lọ aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń ro ẹni tí yóò pe òjò àti ẹni tí yóò pe àrá. Ó tilẹ̀ jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan nítorí ejò yìí, ó sì ra òmíràn dípò rẹ̀ láìjiyàn.

Nọ́ọ̀sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á máa wo ọgbẹ́ sàn, ó kéré tán aláìsàn inú géèmù kì í ṣépè fún ènìyàn. Tíṣà bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé ìdánwò ló ń ṣe fún un, lẹ́yìn náà òun náà gbà. Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n. Kékeré mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù, nítorí náà ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá a níbi iṣẹ́.

Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tuntun, níbi tí Ẹ̀gbọ́n ti ń fi okùn wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Kékeré dúró sínú iyanrìn, ó tú gbogbo ètò rẹ̀ palẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbójú kúrò lára okùn títí ó fi parí.

"Ta ló máa wá dúró níwájú?" ó béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan, Ẹ̀gbọ́n."

Ó nu sìmẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò. "Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni iwájú, òkú ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá bá yín ṣe é. Tó bá tún nà wá, ẹ má pè mí mọ́."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, Kékeré gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, ó ki íápíìsì bọ etí, ó jókòó sáàárín aṣọ oníbàárà tó so kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n to ẹgbẹ́ wọn lákọ̀tun. Òjò ni ti Kékeré, kí ìpẹ́ ejò lè tutù. Tíṣà á fi otútù sán an kí ó lè là. Nọ́ọ̀sì á máa dáàbò bo ẹni tí ejò bá dójú sọ. Àrá ni ti Ẹ̀gbọ́n, òun ló lágbára jù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù kí ó tó ṣe é pè, ẹni tó ń pè é kò sì gbọdọ̀ fara gbọgbẹ́. Nítorí náà wọ́n fi Ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn pátápátá. Ó wo akọni tuntun náà nínú ẹ̀wù gbọọrọ, ó ní ó jọ aṣọ tí wọ́n gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù Kékeré. Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà nínú géèmù yìí. Bó bá kan ẹgbẹ́ yín láti jà, kò sí ẹni tí kò lè kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n aago kékeré kan á máa sáré lókè. Bí aago bá tán, ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan ti pàdánù. Ejò jáde, aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kékeré gbé ọwọ́ lé máòsì, ṣùgbọ́n ó ń retí kí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ka ọfọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tíṣà ní kí Nọ́ọ̀sì máa ṣe é lọ, Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ní rárá, Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n fi ipò náà sílẹ̀ fún ara wọn. Aago tán. Ejò gbá wọn mọ́lẹ̀, kò sì pẹ́ rárá tí gbogbo wọn fi kú.

"Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Kékeré yára dá a dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ. Ejò kọ́ ló pa wá, àpọ́nlé ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣáájú, gbogbo wa ń dúró dè yín. Ẹ jẹ́ kí n darí wa lẹ́ẹ̀kan péré."

Ẹ̀gbọ́n kò gé e. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó sú mi? Èmi ni mò ń kọ́kọ́ kú. Màá wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa wo bó ṣe ń pa yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Darí wa."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ pàṣẹ fún ẹni tó pọ̀n yín dàgbà. Nígbà tí ìjà tún bẹ̀rẹ̀, Kékeré da òjò sílẹ̀, ó wá kọjú sí Tíṣà: ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ má bínú, bí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, ẹ bá wa fi otútù díẹ̀ sí i. Kí ó tó bẹ̀bẹ̀ tán, aago ti tán. Ejò bu Nọ́ọ̀sì jẹ, díẹ̀ ló kù kó kú.

"Kékeré, má bẹ̀ wá," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Pàṣẹ."

Ó pàṣẹ. Ẹnu rẹ̀ korò nígbà àkọ́kọ́, ó ń ṣe é bí ẹni pé ìyá wọn máa ti ẹ̀yìn gbá a létí. Òjò dé, ó ní otútù ló kàn, Tíṣà ṣe é. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì bo Ẹ̀gbọ́n, Nọ́ọ̀sì bò ó. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n ní sùúrù, ọ̀gá bíríkìlà tí ogún ọkùnrin ń sá fún sì ní sùúrù. Ìgbà tí ìpẹ́ ejò là ló tó ní kí ó sán an. Àrá sán, orí kan já bọ́. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an, Kékeré sì gbá máòsì mú kí omijé má baà já bọ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Orí kejì já bọ́. Tíṣà ṣubú, agbára Nọ́ọ̀sì tán, àrá Ẹ̀gbọ́n kò tíì ṣe é pè padà. Ejò ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ pẹ̀lú ẹyọ orí kan tó kù. Ọfọ̀ tó kéré jù lọ́wọ́ Kékeré á parí rẹ̀, aago sì ṣì ń sáré.

Ìgbà yẹn ló tó rò ó débẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí ìlú mìíràn lẹ́yìn ẹnubodè yìí, bí ejò bá ti kú, géèmù parí nìyẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń jà kí Ẹ̀gbọ́n má baà tìtorí ìjákulẹ̀ lọ, ó wá kù díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ fi ìṣẹ́gun lé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò tẹ máòsì.

"Kí lo ń dúró dè?" ni Tíṣà pariwo.

"Bó bá kú, ó ti parí," ni Kékeré dáhùn. "Ṣé a ò ní máa ríra mọ́ nìyẹn?"

Aago ń sáré lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé ejò lo rò pé mo ń tìtorí ẹ̀ wá ni? Pa á, ká lè ráyè sọ̀rọ̀."

Kékeré pa á.