Jẹnẹrétọ̀ Ẹgbẹ́

Yàrá iwájú ilé mi ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi ṣe ọ́fíìsì nígbà ìbò. Sípíkà wọn ò jẹ́ ká gbádùn: “Ti gbogbo wa ni! Ti gbogbo wa ni!” Alága wọn, tá à ń pè ní Ọ̀la-á-Dáa nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn, ṣèlérí jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ omi àdúgbò, torí iná ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí wọ́n ṣe wọlé ìbò tán, wọ́n ti ọ́fíìsì pa, Alága di àwátì.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń jìyà rẹ̀. Tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ, odò ìsàlẹ̀ ló ti ń pọnmi gun òkè bọ̀. Lọ́jọ́ tó yọ̀ ṣubú, Ọlọ́run ló kó o yọ. Inú bí mi. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ṣebí èmi ni mo nilé, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí ọ́fíìsì. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń tan sípíkà wọn jókòó sábẹ́ pósítà, eruku bò ó.

Mẹkáníìkì tó wà lójúkojú wa bá mi gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

“Màmá, ṣé kò ní dẹjọ́ báyìí?”

“Ṣebí àwọn ló ń pariwo pé ‘ti gbogbo wa ni’? Fà á, jàre.”

Ó fà á. Omi tú yàà. Mo jó, àgbà tí mo dà yìí. Látìgbà náà, ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ń ra epo sí i nígbà tó bá kàn án.

Ìbò tún dé. Ọ̀la-á-Dáa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó bá wa lórí ìlà omi pẹ̀lú garawa.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́. Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ lónìí.”

Mo wo fìlà rẹ̀. Èyí tó dé lọ jẹ́ àwọ̀ ewé, pupa ló dé bọ̀. Ó ti sọdá sínú ẹgbẹ́ tó máa ń bú.

“Ẹgbẹ́ wo, Alága?”

Ó fọwọ́ kan fìlà. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wa.”

“Ó ti yé wa. Ìdí nìyẹn tá ò fi dúró dè yín mọ́.”

Oòrùn mú, ó tọrọ omi. Ìyàwó ọmọ mi bu omi tutù fún un, ọmọ inú oyún ọjọ́sí ń fà á láṣọ. Alága mu ún tán, ó tún na ife sí i.

“Ẹ lọ mú garawa wá, Alága,” ni mo wí, “kẹ́ ẹ tò sẹ́yìn.”