Iná Ọdún tí Wọn Ò Sun Koríko

Àwòdì ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ń gbé tata àti eku tó ń sá níwájú èéfín. Ọ̀ṣuntọ́lá ju ọkọ́ sílẹ̀.

Iná tí wọ́n mọ̀ ní Òwu kì í ga ju orúnkún lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí ìdí koríko ṣì tutù, Májẹ́kódùnmí, olórí ọdẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni í tiná bọ igbó. Iná náà a jó díẹ̀, a sì kú. Igi èmí, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, kò ní mọ̀ pé nǹkan kọjá. Ṣùgbọ́n ogun lé gbogbo ìlú gun orí òkè fún ọdún mélòó kan. Koríko hù, ó gbẹ, òmíràn hù lé e. Nígbà tí wọ́n padà, Ọ̀ṣuntọ́lá gan-an ló kúnlẹ̀ fún ọdẹ náà.

“Ọkọ mi, ẹ má sun ún lọ́dún yìí. Ogun ti jó ilé. Kí la ó fi bo òmíràn?”

Májẹ́kódùnmí wo koríko títí. “Ó dáa,” ló wí. Inú obìnrin náà dùn bí ẹni tó jogún.

Igi gáńgánrán má gùn mí lójú: Ọ̀ṣuntọ́lá rò pé òkèèrè lòun ti ń wò ó, torí òjò tó ń bọ̀ lòun rò.

Nísinsìnyí, ọyẹ́ ń ti iná bọ̀, àwọn igi èmí ń jó láti ìdí dé orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni abà èbù iṣu wà, èyí tí wọ́n fi ebi pa ara wọn lórí òkè kí wọ́n má baà jẹ èbù náà. Láàárín abà àti iná, koríko ìbolé rẹ̀ dúró, ó pọ́n dáadáa.

Májẹ́kódùnmí sáré dé pẹ̀lú ìtùfù. Kò tiná bọ ohunkóhun. Ó na ìtùfù sí i.

“Tìrẹ ni, ìyàwó.”

Ọ̀ṣuntọ́lá gbà á: bí koríko bá ti jó tán, iná ńlá kò ní rí ọ̀nà dé abà. Ó tiná bọ koríko náà lẹ́bàá abà, àwọn méjèèjì sì ń fi ewé tútù lu èyí tó bá yà sẹ́yìn. Iná kékeré rọra lọ pàdé iná ńlá, ìyá rẹ̀. Wọ́n ru sókè lẹ́ẹ̀kan, wọn ò rí nǹkan jẹ mọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀ṣuntọ́lá tọwọ́ bọ abà. Èbù tutù. Níta, ẹyẹ kan ò ké, èèpo igi èmí sì ti là. Òjò ń bọ̀, kò sí òrùlé.

“Ọkọ mi, ẹ mọ̀ pé báyìí ni yóò rí?”

Ọdẹ náà ń nu eérú ojú rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi náà ò nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.”

Ọ̀ṣuntọ́lá jókòó tì í.